Àgbá Tó Kan: Bí A Ṣe Bọ́ Ẹ̀rọ Báyógáàsì Ilé Wa ní Àbọ́jù, àti Bí Ó Ṣe Padà Bọ̀ Sípò

Ní ọjọ́ keje, tí a bá kà á láti ọjọ́ tí àbọ́jù náà bẹ̀rẹ̀, iná báyógáàsì, ìyẹn gáàsì ìdáná tó ń jáde láti inú àjẹkù tó ń jẹrà nínú àgbá, kò ràn mọ́. Mo yí fáàfù, mo gbọ́ tí gáàsì ń jáde bó ti máa ń ṣe, mo ṣáná sí i, iná ìṣáná náà kú. Mo tún ṣá òmíràn. Iná búlúù tẹ́ẹ́rẹ́ kan yọ, ó gbéra kúrò lójú sítóófù, ó léfòó lójú afẹ́fẹ́ bí ìbú ìka kan sí irin, ó sì lọ. Bẹ́ẹ̀, ìdérí àgbá tó ń kó gáàsì jọ ga ju bí mo ṣe rí i rí lọ. Gáàsì wà, kò jó. Ohun tó rú mi lójú jù nìyẹn, òun náà ló sì mú mi kọ gbogbo ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, torí mo mọ̀ pé ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti rí báyìí ni ẹlòmíì ti máa ń pa àgbá rẹ̀ tì, tí yóò sì máa sọ pé irọ́ ni wọ́n ń pa, ìdọ̀tí kì í di iná.

Ohun tí a ní nílé

Àgbá wa kò tóbi. Ike ni, ó ń gba 1,000 lítà. Àgbá kejì tó kéré sí i díẹ̀ ni a dojú rẹ̀ dé sínú ti àkọ́kọ́, ó sì léfòó lórí omi ìdọ̀tí náà. Bí gáàsì bá ń jáde, èyí tó dojú dé á máa gòkè. Bí a bá ń dáná, á máa sọ̀kalẹ̀. Mo fi ọ̀dà funfun sàmì sí i lára ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá mẹ́wàá, nítorí náà ojú lásán la fi ń mọ bí gáàsì ti pọ̀ tó.

Irú àgbá tó ń léfòó báyìí ti pẹ́. Ní Íńdíà, èyí tí Jashbhai Patel ṣe ní ọdún 1956 ló tàn kálẹ̀ jù, ìgbẹ́ màlúù ni wọ́n sì ń fi bọ́ ọ. Àgbá kékeré tó ń jẹ àjẹkù ilé ìdáná dípò ìgbẹ́, ìlú Pune ní Íńdíà kan náà ni àjọ ARTI (Appropriate Rural Technology Institute) ti ṣe é, òun ni wọ́n sì fi gba ẹ̀bùn Ashden, tí wọ́n fi ń yẹ́ àwọn tó ń ṣe agbára iná tí kò ba àyíká jẹ́ sí, ní ọdún 2006. Ìdí tí àjẹkù fi ń mú gáàsì wá ju ìgbẹ́ lọ kò ṣòro láti mọ̀: màlúù ti jẹ èyí tó lágbára jù nínú koríko náà kó tó yà á síta. Oúnjẹ tí ẹnikẹ́ni kò tíì jẹ ṣì ní gbogbo agbára rẹ̀ nínú. Àǹfààní ńlá ni. Òun náà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ba tiwa jẹ́.

Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, a po ìgbẹ́ màlúù tútù 60 kílò mọ́ omi, a dà á sínú àgbá, a sì fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àti ọjọ́ díẹ̀. Gáàsì àkọ́kọ́ kò jó, a tú u dànù síta gbangba, èkejì jó. Láti ìgbà náà, kílò méjì àjẹkù tí a gé wẹ́wẹ́, pẹ̀lú omi tó tó o, ni à ń dà sí i láràárọ̀. Iná tó ń ti ibẹ̀ wá lójúmọ́ máa ń tó ìṣẹ́jú 40 sí 50. Oṣù mẹ́jọ la fi ṣe bẹ́ẹ̀ láìsí ìyọnu.

Ẹni tó bá wa gbé àgbá náà kalẹ̀ sọ gbólóhùn kan ní ọjọ́ tó fẹ́ lọ. Ó ní, "Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, kò sí ohun tí kì í jẹ." Kò sọ iye tó lè jẹ. Mi ò sì bi í. Ó ṣì ń dùn mí títí di òní pé ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí débi tó fi ń gbowó lórí rẹ̀ fi apá tó ṣe pàtàkì jù sílẹ̀ láìsọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀

Àlejò dé bá wa, wọ́n sì gbé ọjọ́ mẹ́rin lọ́dọ̀ wa. Ilé kún, ìkòkò kò kúrò lórí iná, èèpo àti àjẹkù sì ń pọ̀ sí i. Inú mi ń dùn. Lójú tèmi, bí ìdọ̀tí bá ṣe pọ̀ tó ni gáàsì yóò ṣe pọ̀ tó. Ìwé àkọsílẹ̀ tó so mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná sọ ohun tí a ṣe láìfi bò: ọjọ́ kìíní, kílò 9; ọjọ́ kejì, 12; ọjọ́ kẹta, 10; ọjọ́ kẹrin, 8. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ kílò 39, níbi tó yẹ kó jẹ́ 8. Lálẹ́ ọjọ́ kẹrin, mo tún da nǹkan bíi lítà méjì òróró tí a ti fi dín nǹkan sínú rẹ̀, torí pé mi ò fẹ́ dà á sí ojú àgbàrá.

Ní ọjọ́ karùn-ún, ìdérí àgbá gòkè kọjá gbogbo àmì ọ̀dà. Mo pe àwọn ará ilé wá wò ó. Iná ṣì ń jó, ṣùgbọ́n kò lágbára. Omi tó máa ń hó ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá gba ogún. Ní ọjọ́ kẹfà, nígbà tí mo ṣí ojú ibi tí à ń da oúnjẹ sí, òórùn kan gbá mi lójú. Kì í ṣe òórùn ẹyin jíjẹrà tí mo mọ̀ mọ́ ọn. Ó kan, ó ta sí imú bí ọtí kíkan, ó sì ní òórùn èébì nínú. Òróró ti dì lójú omi, ó funfun bí ọ̀rá tútù, èèpo sì rọ̀ mọ́ ọn.

Ibí ni mo ti ṣe àṣìṣe tó burú ju ti ìṣáájú lọ. Mo rí i pé iná kò lágbára, mo sì rò pé ebi ló ń pa á. Mo tún fún un ní kílò mẹ́ta. Lọ́jọ́ kejì ni iná kò ràn mọ́.

Màmá ní ká da omi bílíìṣì díẹ̀ sí i kí òórùn náà lè lọ. Mo ti gbé ìgò rẹ̀ lọ́wọ́. Ohun tó dá mi dúró ni pé mo rántí pé ohun ẹlẹ́mìí ló wà nínú àgbá yẹn, bílíìṣì kì í sì í yan èyí tí yóò pa. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ Mà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi ẹni tó mọ̀ ọ́n." Bí mo bá dà á ni, ohun tí mo fẹ́ kọ níbí ì bá ti parí síbí.

Ìbẹ̀wò ẹ̀gbọ́n

Ẹni tí mo pè kì í ṣe ẹni tó bá wa gbé àgbá kalẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kan ni tó ti ń tọ́jú irú àgbá bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó dé ní ọjọ́ kẹsàn-án.

"Ẹ kú ọ̀nà, ẹ̀gbọ́n. Ẹ wò ó, gáàsì kún inú rẹ̀, kò jó."

"Kò jó rárá ni, àbí kò dúró lójú sítóófù?"

"Ó ń gbéra kúrò lójú irin, á sì kú."

"Kí lẹ fún un jẹ?"

"Bí a ti máa ń ṣe ni, ẹ̀gbọ́n, àlejò ló kàn…"

"Iye kílò ni mo bèèrè, àbúrò."

Mo mú ìwé àkọsílẹ̀ wá. Ó kà á, kò sọ̀rọ̀. Ó yọ bébà pélébé kan nínú àpò, ó tì í bọ inú omi ìdọ̀tí tó fi ife bù láti ẹnu páìpù ìjáde, ó sì gbé e sójú oòrùn. Bí ara àgbá bá le, àwọ̀ ewé ni bébà yẹn máa ń dà. Tiwa dà bí àwọ̀ ọsàn tó ti pọ́n. Ó fi í wé àwọn àwọ̀ tó wà lára páálí rẹ̀: pH 5.4. Òṣùwọ̀n bí omi ṣe kan tó ni pH; bí ó bá ṣe lọ sílẹ̀ tó ni omi náà ṣe kan tó. Ibi tó yẹ kó wà ni àárín 6.8 sí 7.4.

Ó ní, "Àgbá yín ò kú. Ó kan ni. Àwọn tó ń yára ti jẹun ju àwọn tó ń lọ́ra lọ."

Àwọn tó ń yára àti àwọn tó ń lọ́ra

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí gbólóhùn yẹn, torí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Nínú àgbá báyìí, kì í ṣe ẹ̀dá kan ṣoṣo ló ń sọ ìdọ̀tí di gáàsì. Iṣẹ́ náà pín sí ìpele mẹ́rin. Àwọn bakitéríà kan á kọ́kọ́ tú oúnjẹ sí wẹ́wẹ́ títí yóò fi yọ́ mọ́ omi. Àwọn mìíràn á sọ ohun tó yọ́ náà di oríṣiríṣi ásíìdì. Àwọn ẹgbẹ́ kẹta á sọ àwọn ásíìdì wọ̀nyẹn di èyí tó wà nínú ọtí kíkan, pẹ̀lú gáàsì hydrogen. Lẹ́yìn gbogbo wọn ni àwọn tó ń ṣe methane yóò gba èyí, wọn yóò sì sọ ọ́ di gáàsì tó ń jó.

Àwọn tó kẹ́yìn yìí kì í tilẹ̀ ṣe bakitéríà. Ní ọdún 1977 ni Carl Woese àti George Fox fi hàn pé ìdílé tiwọn dá wà láàárín àwọn ohun ẹlẹ́mìí, ìdílé tí a wá ń pè ní archaea. Wọ́n ti wà láyé tipẹ́tipẹ́, wọn ò fẹ́ atẹ́gùn oxygen rárá, wọn ò sì fẹ́ ásíìdì. Àwọn tó ń ṣe ásíìdì lè di ìlọ́po méjì láàárín wákàtí díẹ̀. Àwọn tó ń ṣe methane nílò ọjọ́ púpọ̀ kí wọ́n tó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ wá fojú inú wo kílò 39 tó já lu irú àwọn òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́rin. Àwọn tó ń yára dìde sí i, ásíìdì pọ̀, àwọn tó ń lọ́ra kò rí i jẹ tán, ásíìdì tó ṣẹ́kù náà sì tún ń dá wọn lápá. Bí wọ́n bá ṣe ń rẹ̀ tó ni ásíìdì á ṣe máa pọ̀ tó. Kílò mẹ́ta tí mo fi kún un ní ọjọ́ kẹfà, ásíìdì ni mo fi kún ásíìdì.

Òun ló tún túmọ̀ ìdérí tó gòkè. Gáàsì tó dára nínú irú àgbá wa máa ń ní methane tó ìdá 50 sí 70 nínú 100. Carbon dioxide ló pọ̀ jù nínú ìyókù. Bí ásíìdì bá pọ̀, carbon dioxide á tú jáde yàà. Ìyẹn kì í jó. Ohun tí mo pe àwọn ará ilé wá wò, tí mo ń fi yangàn, àìsàn ni.

Ní ti òróró, ẹ̀gbọ́n ní ìwọ̀nba díẹ̀ rẹ̀ máa ń mú gáàsì púpọ̀ wá, ṣùgbọ́n bí ó bá pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ọ̀rá inú rẹ̀ á bo àwọn tó ń ṣe methane lára, wọn ò ní lè jẹun. Lítà méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ti pọ̀ jù fún àgbá tó tó tiwa.

Ìtọ́jú

Ohun àkọ́kọ́ tó ní ká ṣe ni pé ká má ṣe fún un ní nǹkan kan. Ebi ni oògùn rẹ̀. Ó nira fún mi ju bí mo ti rò lọ. Ojoojúmọ́ ni mo ń rí àjẹkù tí mo ní láti kó lọ sí ààtàn.

Èkejì, a tú gáàsì tó wà nínú rẹ̀ dànù. A gbé páìpù jìnnà sí ilé, síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, a kò sì jẹ́ kí iná kankan wà nítòsí. Kò sí ẹni tó tẹ orí ba ojú àgbá lọ́jọ́ náà. Methane tó bá pò mọ́ afẹ́fẹ́ ní ìdá 5 sí 15 nínú 100 lè bú gbàmù. Hydrogen sulphide tó ń rùn bí ẹyin jíjẹrà tún wà níbẹ̀, èyí tó léwu jù nígbà tó bá pọ̀ débi tí imú kò fi gbọ́ òórùn rẹ̀ mọ́. Ohun kan tún wà tó dùn mí nínú títú tí a tú u yìí. Ìdí tí mo fi ra àgbá yìí ni láti má ṣe jẹ́ kí methane àjẹkù wa lọ sójú ọ̀run, torí pé láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún, tọ́ọ̀nù methane kan máa ń mú ayé gbóná tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù carbon dioxide 28. Ní ọdún 2022 nìkan, gẹ́gẹ́ bí UNEP, àjọ tó ń rí sí àyíká lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ti ṣírò rẹ̀, tọ́ọ̀nù oúnjẹ bílíọ̀nù 1.05 ló ṣòfò káàkiri ayé, ìdá 60 nínú 100 rẹ̀ sì wá láti ilé àwọn èèyàn. Ibi tí mo ti fẹ́ dín tèmi kù nínú rẹ̀ ni mo ti ń tú u sáfẹ́fẹ́ fúnra mi.

Ẹ̀kẹta, a fi ìgbákọ bu ọ̀rá tó dì lójú omi kúrò, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún korobá kan. A wá fa lítà 400 omi ìdọ̀tí jáde. A kò dà á sídìí ewéko kankan; omi àgbá tó le lára máa ń mú ewéko gbèrú, ṣùgbọ́n èyí tó kan á jó gbòǹgbò wọn. Orí ààtàn la dà á sí, a fi eérú bò ó.

Dípò rẹ̀, ẹ̀gbọ́n gbé lítà 150 wá láti inú àgbá tirẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, nínú kẹ́ẹ̀gì tó dé pa kí afẹ́fẹ́ má wọ̀ ọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ tuntun nìyẹn, àwọn tó ń lọ́ra. A po ìgbẹ́ màlúù tútù 30 kílò mọ́ omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, a sì fi dí ìyókù.

Ẹ̀kẹrin ni sódà tí wọ́n fi ń mú kéèkì wú. Kílò kan ààbọ̀ la lò, a pín in sí mẹ́ta, a yọ́ ọ sínú omi, a sì ń dà á sí i lọ́jọ́ mẹ́ta léraléra. Mo bi ẹ̀gbọ́n pé ṣé kì í ṣe ẹfun tí wọ́n fi ń kun ilé ló yẹ ká lò, torí ohun tí mo ti gbọ́ nìyẹn. Ó ní ó ṣeé lò, àmọ́ ọwọ́ tó bá yá díẹ̀ lórí rẹ̀ á gbé pH kọjá ibi tó yẹ, ó sì máa ń fa carbon dioxide mọ́ra, á wá di òkúta sí ìsàlẹ̀ àgbá. Sódà rọ̀ jù ú lọ.

Bí ó ṣe ń padà bọ̀

Mo ti rò pé lọ́jọ́ kejì ìtọ́jú ni iná máa dé. Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kí n fi bébà rẹ̀ sọ́wọ́, kí n sì máa kọ ọ́.

Lẹ́yìn sódà kẹta, pH di 6.1. Ó dúró sójú kan fún ọjọ́ mẹ́rin, àyà mi já. Ní ọjọ́ kẹjọ ìtọ́jú, ó di 6.3, òórùn kíkan sì ti fúyẹ́. Ìdérí kò gòkè ju sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ kọkànlá, mo ṣáná sí i lálẹ́, iná náà dúró fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú kan, ó sì kú. Mo lọ jí wọn nínú ilé láti sọ fún wọn.

Ní ọjọ́ kejìdínlógún, pH wọ 6.8. Ìgbà yẹn la tó fún un ní oúnjẹ: gíráàmù 250 péré, tí a lọ̀ kúnná. Mo rí i bí Màmá ti ń wo abọ́ kékeré tí mo gbé jáde. Wọ́n ní, "Ṣé ìyẹn lásán?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Ọjọ́ mẹ́rin la fi fún un ní iye yẹn, a tó sọ ọ́ di 500. A sì ń fi 250 kún un nígbàkígbà tí bébà bá ti fi hàn pé pH kò wálẹ̀. Bí ó bá wálẹ̀ kìkì 0.2, a dúró. Ẹ̀ẹ̀mejì la dúró.

Mi ò ní fi gbogbo ìlà inú ìwé náà sú yín. Ní ọjọ́ kẹtàléláàádọ́ta lẹ́yìn tí ẹ̀gbọ́n wá, a padà dé kílò méjì: pH 7.1, ìṣẹ́jú 47 iná, ó búlúù, ó sì jókòó pẹ̀sẹ̀ lójú irin.

Ohun tó yí padà

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó oṣù méjì kí ọ̀rọ̀ ọjọ́ mẹ́rin tó tán nílẹ̀. Òṣùwọ̀n ti wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná báyìí, àjẹkù tí a kò bá wọ̀n kì í dé ibi àgbá. Bébà pH ń wọ inú omi ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Òróró ní kẹ́ẹ̀gì tirẹ̀. Ṣíbí kan lọ́jọ́ ni ẹ̀gbọ́n gbà wá láyè láti fi sí i, a kì í sì í fi sí i lójoojúmọ́. Mo tún fi irun irin tó ń dípẹtà dí inú ìgò kan tí gáàsì ń gbà kọjá kó tó dé sítóófù, kó lè gba hydrogen sulphide kúrò nínú rẹ̀. Ìyẹn ti yẹ kó wà níbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Àlejò tún ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Mo ti gbẹ́ ihò tuntun sí ẹ̀gbẹ́ ààtàn, mo sì ti kọ ọ́ sí ojú ewé tó ṣófo nínú ìwé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn: ohunkóhun tó bá lé ní kílò méjì, ibẹ̀ ni kó lọ.